Ẹni Tí Ń Lọ, Ẹni Tí Ń Gbàlejò, Ẹni Tí A Fi Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Yan Ìlú Tuntun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò jìnnà sí ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ara wa lójoojúmọ́. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń wádìí ìlú tí atẹ́gùn rẹ̀ tutù tí ọ̀nà rẹ̀ sì já gaara. Ọ̀kan ní orí òkè Jos ni òun ń lọ, níbi tí ọyẹ́ ti ń mú dáadáa. Òmíràn ní Àbújá ni òun fẹ́. Ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bèèrè: báwo ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe rí? Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń rìn níbẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì mọ́gbọ́n dání. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá bèèrè wọn nígbà tí ó fẹ́ kó olú-ìlú kúrò ní Èkó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé wọn kò tó. Ènìyàn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìṣípòpadà máa ń kàn: ẹni tí ń lọ, ẹni tí ń gbàlejò, àti ẹni tí a fi sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ojú ọjọ́ àti ọ̀nà, ti ẹni tí ń lọ nìkan ni.

Bí a ti ń ṣí láti ẹ̀yìn wá

Ṣíṣí nípò kì í ṣe àjèjì sí ìran Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Òkè Olúmọ, nítorí pé àpáta náà lè dá ààbò bò wọ́n. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Ogun ni ó lé wọn, ibi ìsádi sì ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan: Àgọ́ Ọjà ti ní olóhun kí Àtìbà tó débẹ̀. Ìtàn Ọ̀yọ́ tuntun kò sì ṣeé sọ láìmẹ́nu kan orúkọ olóhun náà, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ibùdó náà ń jẹ́.

Èkó tiwa náà ti ń ṣí látọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, wọ́n wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra, wọ́n sì la Yábàá fún àwọn tí yóò ṣí kúrò. Láti 1955, ìgbìmọ̀ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín erékùṣù, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ní 1959, ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní erékùṣù ní 1859, kó wá sí Bàrígà níhìn-ín, ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó pé. Kí ni ó wá wá? Ààyè ni. Bàrígà nígbà náà ní ilẹ̀ gbalasa tí ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀.

Bàrígà tí a ṣí wá nítorí ààyè ni Bàrígà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá ààyè kúrò nínú rẹ̀ lónìí. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ààyè kì í ṣe ìwà ilẹ̀. Iye ènìyàn tí ó bá wá ààyè níbẹ̀ ni yóò sọ bí yóò ti pẹ́ tó.

Òṣùwọ̀n mẹ́tàlá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti gbé ọ̀rọ̀ olú-ìlú yẹ̀ wò. Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ni alága wọn; Táì Ṣólàrín wà lára wọn. Èkó ọdún náà kò ṣeé fẹnu sọ tán. Owó epo rọ̀bì ti kó ọkọ̀ wọ̀lú ju ọ̀nà lọ. Lórí omi pàápàá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ńtì wá ni ó tò sẹ́yìn èbúté tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Ní apá ìparí àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ máa pín ọjọ́ rìn gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn. Kí ni olówó ṣe? Ó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀.

Ìgbìmọ̀ Àgúdà lo òṣùwọ̀n mẹ́tàlá, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 100. Kí ìlú wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè gba 22. Ìlera àti ojú ọjọ́ gba 12. Ilẹ̀ tí ó wà fún ìlò gba 10, omi sì gba 10. Pé kí ó ṣeé wọ̀ láti ọ̀nà púpọ̀ gba 7. Ààbò, ohun èlò ìkọ́lé nítòsí, àti pé kí ènìyàn má pọ̀ níbẹ̀ gba 6 lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára iná mànàmáná àti bí omi ṣe ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ gba 5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú erùpẹ̀ àti ìrọ̀rùn fún ètò ìlú gba 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀ láàárín ẹ̀yà gba 3.

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe onímọ̀ ètò ìlú. Nítorí náà, bí a ti ń ka oríkì ni mo ṣe ka òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Oríkì ni wọ́n lóòótọ́: oríkì ìlú tí a kò tíì tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ oríkì orílẹ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe omi àti òkè nìkan ni ó ń kà. A máa sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tí ó gba ta ni lálejò, ìjà tí wọ́n jà, àti èèwọ̀ tí àlejò gbọ́dọ̀ pa mọ́. Àléébù ìlú pàápàá máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n mẹ́tàlá yẹn, ibi kan ṣoṣo ni a ti dárúkọ àwọn tí ó ń gbé orí ilẹ̀ náà, níbi tí a ti ní kí wọ́n má pọ̀. Àìpọ̀ wọn ni máàkì wọn.

Ẹni tí ń gbàlejò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin tí ó dá Agbègbè Olú-ìlú sílẹ̀ jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n pa Murtala. Ilẹ̀ tí a yàn fẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwárì, wà lára àwọn tí ó ni ín. Èrò ìjọba ní àkọ́kọ́ ni láti kó gbogbo àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ náà jáde pátápátá. Nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn, wọ́n yí èrò padà, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ dúró, kí a máa ṣí kìkì àwọn tí iṣẹ́ bá kàn. Àríyànjiyàn lórí owó ìtanràn ilẹ̀ wọn kò sì tíì tán títí di òní olónìí. Orúkọ Àbújá gan-an jẹ́ ti ìlú mìíràn tẹ́lẹ̀, ìlú tí ó ń jẹ́ Sùléjà nísinsìnyí.

Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó lọ ní tààrà. Ǹjẹ́ ọwọ́ tẹ ohun tí wọ́n ń wá? Ọ̀rinrin Àbújá kò tó ti Èkó, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ a máa mú ju ti Èkó lọ. Ọ̀nà àárín ìlú fẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ká ilé àárín ìlú ń gbé Nyanya, Mararaba tàbí Kubwa, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì ń dè é lọ́nà láràárọ̀. Láàárín 2003 sí 2007, ọ̀pọ̀ ilé ni ìjọba wó pé wọn kò sí nínú ètò ìlú. Ẹni tí ó kúrò nínú há-há-há Èkó ti gbé e dání lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn rí irú rẹ̀. Bùràsíìlì ṣí olú-ìlú rẹ̀ sí Brasília ní 1960, lórí òkè títẹ́jú tí ó ga ju 1,000 mítà lọ, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń gbẹ ètè ènìyàn. Kí wọ́n tó ṣí i rárá, àwọn tí ń kọ́ ọ ti ń tẹ̀ dó sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní Taguatinga, nítorí pé kò sí ààyè fún wọn nínú ìlú tí ọwọ́ wọn ń kọ́. Ní 1973, Tàǹsáníà yan Dodoma, ìlú orí òkè tí òjò rẹ̀ kò pọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀ tọkàntọkàn, ní 2016.

Àwa tí a ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Jos ga tó 1,200 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ, òtútù rẹ̀ sì tuni lára. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé iṣẹ́ kùsà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìjà tí ó dá lórí ta ni onílé àti ta ni àlejò gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí níbẹ̀, kì í sì ṣe ìgbà kan ṣoṣo. Ẹ tún wo Tamale ní àríwá Gánà, ìlú ọ̀dàn tí ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Òkè Ògùn ṣòwò níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ojú ọjọ́ Tamale kò yí padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà rẹ̀ kò há. Ohun tí ó ṣẹ́ ni àdéhùn tí ó wà láàárín onílé àti àlejò, èyí tí kò sí nínú òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí a fi sílẹ̀

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, ẹni náà sì ni àwa tí a jókòó síhìn-ín. Nínú ọ̀rọ̀ tí Murtala bá orílẹ̀-èdè sọ ní oṣù kejì ọdún 1976, ó ní Èkó yóò wà lára àwọn ìlú tí ìjọba àpapọ̀ yóò fún ní ipò àkànṣe, pẹ̀lú Kàdúná àti Port Harcourt. Ìlérí ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ àbá òfin tí ì bá fún Èkó ní ipò náà. Gàgàrà ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìkòyí dá páropáro fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé kíkó tí ìjọba kó lọ dín èrò Èkó kù? Rárá o. Òṣìṣẹ́ ìjọba lọ, ṣùgbọ́n èbúté, báńkì, ọjà àti ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kò lọ, àwọn tí ń wá iṣẹ́ kò sì yẹ̀ lọ́nà Èkó. Ọdún kan ṣáájú kíkó lọ, ní 1990, ni wọ́n parí afárá tí ó ti erékùṣù gba ojú ọ̀sà dé Òwòrónṣòkí, lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 11.8 kìlómítà, ọkọ̀ sì kún un. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, tí ìjọba ológun fagi lé ní 1985, ìyẹn ni a kò rí kí ó tó di 2023 tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọdún méjìdínlógójì! Ọmọ tí a bí ní Abúlé Òkúta lọ́dún tí wọ́n fagi lé e ti di bàbá ọmọ kí ó tó wọ ọ̀kan. Bí ọkàn àwọn aláṣẹ bá ti wà ní ìlú tí wọ́n ń lọ, àtúnṣe ìlú tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kì í yá.

Ìkádìí

N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí. Ìran wa ì bá ti parun bí kò bá mọ ṣíṣí. N kò sì bú Adájọ́ Àgúdà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rán wọn ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì fi òótọ́ inú jẹ́ ẹ. Ohun tí mo wí ni pé òṣùwọ̀n wọn ṣẹ́ kù. Bí mo bá ní àṣẹ láti fi kún un, ìbéèrè mẹ́ta ni n óò kọ ṣáájú ojú ọjọ́ àti ọ̀nà. Èkíní: ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni a bá a sọ, kí ni ó sì dáhùn? Èkejì: níbo ni ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa wakọ̀, tí yóò máa kọ́lé fún wa yóò máa sùn? Ẹ̀kẹta: kí ni a ṣèlérí fún àwọn tí a fi sílẹ̀, ta ni yóò sì bi wá nípa rẹ̀?

Ìdí tí mo fi ka ìbéèrè mẹ́ta yìí sí ju méjì àkọ́kọ́ lọ ni pé atẹ́gùn tútù àti ọ̀nà gbalasa wà lọ́wọ́ wa láti bàjẹ́. A ba ti Bàrígà jẹ́ láàárín ìgbà ayé ẹnì kan; a ti ń ba ti Àbújá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá onílé ṣe àdéhùn tí ó tọ́, tí ó sì mú ìlérí ẹni tí ó fi sílẹ̀ ṣẹ, yóò rí ibi gbé kódà bí ooru bá mú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti pinnu pé Abúlé Òkúta ni ẹ óò máa gbé, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó kù lẹ́yìn ni yín. Gọ́tà tí ó dí àti ojú ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ní àdúgbò yín yẹ fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un.