Kí ló ń lé òṣìṣẹ́ Alímọ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ kú ojú ọ̀nà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò. Ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ lónìí: kí ló dé tí èèyàn fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀?

Àwọn kan á ní ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ládùúgbò wa níbí, ọ̀pọ̀ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ò bá ọ̀gá jà. Ọ̀nà ló lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 di ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ fò sókè, owó oṣù dúró síbi tó wà. Ó di oṣù Keje 2024 kí owó oṣù tó kéré jù tó kúrò ní ₦30,000 bọ́ sí ₦70,000.

Ká ní ẹnì kan ń gba ₦100,000 ní Victoria Island, tó sì ń ná ₦3,000 lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀. Ọjọ́ 22 á gbé ₦66,000 lọ. ₦34,000 ló kù fún oúnjẹ, owó ilé àti dátà. A ò tíì ka wákàtí tó ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2024, Agége àti Ìkẹjà ló gbà kọjá, kò dé Ìkọ̀tún.

Ohun tó jẹ́ kí èmi náà fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ kí n máa tún ohùn ṣe látilé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, wọ́n ní rárá. Màmá mi bi mí pé, "Ṣé wọ́n lé ẹ ni?" Mo ní, "Rárá mà, mo ṣírò ẹ̀ ni." Oṣù kan lè dùn, kí èkejì gbẹ, àmọ́ èyí tó bá wọlé, ọwọ́ mi ló ń dé.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà tiyín, nǹkan mẹ́ta rèé o.

Àkọ́kọ́, ẹ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, kí ẹ mọ iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi sọ fún wọn ṣáájú. Tí ìwé yẹn ò bá sọ nǹkan kan, òfin iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì, oṣù kan fún ẹni tó ti lo márùn-ún.

Ìkejì, owó ìfẹ̀yìntì yín kì í ṣe ti ọ̀gá. Àkáǹtì yẹn á tẹ̀ lé yín lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ ò tíì ríṣẹ́, òfin gbà kí ẹ béèrè ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ wá oníbàárà kẹ́ ẹ tó kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ gbọ́ o: ọjọ́ kan péré látilé lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín tó dáa jù dúró.

Ẹ kọ̀wé sí wa: èló nínú owó oṣù yín ni awakọ̀ ń gbà? Ó dìgbà o.