Ta Ni Yóò Ṣàlàyé Àdéhùn Ogun fún Aráàlú?

Àdéhùn ààbò láàrin orílẹ̀-èdè ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju wákàtí kan lọ, nítorí náà mo ti gé e mọ́ ibì kan. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni n óò dá dúró lé lórí, ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ló jẹ́ kí n gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ aráàlú ní ọ̀rọ̀ àdéhùn ogun kò gbọdọ̀ máa polówó àdéhùn náà fún wọn. Ẹni tó bá ń polówó kì í sọ àléébù ọjà.

Folk och Försvar ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn Ará Ìlú àti Ààbò. Ọdún 1940 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ rántí bí Yúróòpù ti rí lọ́dún náà. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti kọ lu Fínlándì láti oṣù kọkànlá ọdún 1939; nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè. Swídìn wà láàrin gbogbo wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Inú ìdààmú yẹn ni wọ́n bí ẹgbẹ́ yìí sí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, kì í sì í ṣe ẹ̀ka iṣẹ́ ológun. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ló kóra jọ tó di òun: ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́, àti àwọn tó ń fi tinútinú ṣiṣẹ́ ààbò. Ìjọba ń fún wọn lówó ìrànwọ́. Síbẹ̀, ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé ti ẹni báyìí ló dára. Wọn a tẹ́ ẹní, wọn a pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn a jẹ́ kí wọ́n jiyàn níṣojú gbogbo ayé.

Ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní náà sí gan-an ni ẹ jẹ́ kí n júwe. Sälen ni wọ́n ń pè é, abúlé kan lórí òkè ní agbègbè Dalarna, kò jìnnà sí ẹnubodè Nọ́wè. Àwọn tó fẹ́ràn eré ìdárayá orí òjò dídì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje Vasaloppet, àádọ́rùn-ún kìlómítà lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, nígbà tí òtútù mú débi pé èémí èèyàn ń dà bí èéfín, olóòtú ìjọba, àwọn olórí ẹgbẹ́ alátakò, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn akọ̀ròyìn á kó ara wọn jọ sí ilé ìtura kan lórí òkè náà. Ní ọdún 2023, Jens Stoltenberg wá síbẹ̀, ẹni tó jẹ́ akọ̀wé àgbà NATO nígbà náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àdéhùn ààbò láàrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń gbé e síta láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹni tí kò ní owó ilé ìtura lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa wò ó.

Àwọn kan wà ní Swídìn tó ń fi ìpàdé yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àpèjọ àwọn ọlọ́lá ni, pé àwọn èèyàn ńlá ń gun òkè lọ jẹun, wọ́n sì ń pè é ní ẹ̀kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ èmi ò mọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí mínísítà ètò ààbò ti máa ń mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé òun gbọ́dọ̀ dúró níwájú alátakò òun, ológun, akọ̀ròyìn àti ọ̀dọ́, kí òun sì sọ ohun tí òun rò, yálà ogun ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Àṣà ni, kì í ṣe ojú àánú. Wọ́n ti ń ṣe é ní àwọn ọdún tí kò sí ẹni tó bìkítà, nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Yúróòpù, tí Swídìn alára fi dá fífi òfin pe àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun dúró ní ọdún 2010, kó tó dá a padà ní ọdún 2017.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé góńgó. Swídìn ti lé ní igba ọdún tí kò sí nínú àdéhùn ogun kankan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, mínísítà ètò ààbò wọn, Peter Hultqvist, sọ níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ òun bá wà lórí oyè, wọn ò ní tọrọ àyè nínú NATO. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà wọ Yukirénì pẹ̀lú ọmọ ogun. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún náà ni Swídìn àti Fínlándì jọ mú ìwé ìbéèrè wọn lọ. Hultqvist ṣì wà lórí àga mínísítà. Oṣù mẹ́fà péré, ohun tí igba ọdún kọ́ ti wó.

Àwọn èèyàn béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ kí aráàlú dìbò lé e lórí. Èsì tí olóòtú ìjọba, Magdalena Andersson, fún wọn yẹ kí gbogbo wa tó wà níbí gbé yẹ̀ wò. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ààbò jẹ́ àṣírí, wọn ò lè kó o síta fún ìjiyàn ìdìbò. N kò bá a jiyàn pé àṣírí wà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà pé aráàlú kò lè rí gbogbo ohun tó wà nínú àpò, a jẹ́ pé ohun tó wà ní gbangba, ìyẹn ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ yé wọn bí owó ọwọ́ wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ yìí ti di dandan. Àwọn aṣòfin ló wá fọwọ́ sí i lórúkọ aráàlú, ní oṣù kẹta ọdún 2023: 269 ní bẹ́ẹ̀ ni, 37 ní rárá. Tọ́kì àti Húngárì tún fa ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún 2024, nítorí pé kò sí ẹni tó lè wọ NATO bí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá kọ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2024 ni Swídìn di ọmọ ẹgbẹ́ kejìlélọ́gbọ̀n.

Kí ló wà nínú ìwé àdéhùn NATO náà? Washington ni àwọn orílẹ̀-èdè méjìlá ti fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1949. Ẹsẹ karùn-ún rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè lórúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àáró ni: wá bá mi ro tèmi lónìí, n óò bá ọ ro tìrẹ lọ́la, iye ebè kan náà. Ìwé ò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbógun ti ọ̀kan ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, gbogbo wọn ni wọ́n gbógun tì, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ohun tó bá rí pé ó yẹ, lílo ohun ìjà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fetí sí “ohun tó bá rí pé ó yẹ” yẹn. Àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e ní ọdún 1949, nítorí pé òfin ilẹ̀ wọn fi agbára láti kéde ogun sọ́wọ́ ilé aṣòfin, wọn kò sì fẹ́ kí ìwé kankan gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ kẹfà tún pa ààlà sí i: erékùṣù tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ìlà kan lórí òkun Àtìláńtíìkì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ajẹntínà gba erékùṣù Falkland ní ọdún 1982, ọ̀ràn náà kò sí nínú àdéhùn NATO, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kó ọkọ̀ ogun tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti pe ẹsẹ karùn-ún lò. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé orílẹ̀-èdè kéékèèké ni àdéhùn wà fún, ẹ gbọ́: Amẹ́ríkà ni wọ́n pè é fún, lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ọkọ̀ òfuurufú NATO láti Yúróòpù lọ ń ṣọ́ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà fún oṣù mélòó kan.

Irú àlàyé báyìí ni mò ń pè ní ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ìdúró wọn yàtọ̀. Ní Kánádà, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1966 tó ń jẹ́ Atlantic Council of Canada. NATO Association of Canada ló ń jẹ́ nísinsìnyí. Wọn kò fi bò rárá pé àwọn fẹ́ kí àwọn ará Kánádà mọ iyì NATO. Iṣẹ́ tó tọ́ ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Èmi kàn mọ̀ pé ẹni tó ti pinnu pé ohun kan dára kì í tètè dúró lórí “ohun tó bá rí pé ó yẹ” yẹn.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé ti Swídìn kò ní wàhálà. Ní ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mínísítà fún ààbò aráàlú, Carl-Oskar Bohlin, dìde ní Sälen, ó ní ogun lè dé sí Swídìn. Ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun, Micael Bydén, náà ní kí àwọn èèyàn múra ọkàn wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọdé rí i lórí TikTok. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bris, àjọ tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ láago nígbà tí ọkàn wọn ò bá balẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá ogun ti dé. Àwọn àgbà ń ra rédíò alábátìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi. Andersson, tó ti di alátakò nígbà náà, bínú sí ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Bohlin ní òun fẹ́ jí àwọn tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni, láti orí ìjọba ìbílẹ̀ dé orí olúkúlùkù. Lójú tèmi, ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ fún yàrá àwọn àgbà bọ́ sétí ọmọ ọdún mẹ́wàá láìsí olùkọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ètò gbangba ní láti rò ó pé kò sí yàrá àwọn àgbà mọ́ láyé fóònù yìí. Ẹ fi wé ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọba wọn kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1943, tí wọ́n sọ dọ̀tun tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù 4.8 ilé ní ọdún 2018, tí wọ́n tún tún ṣe ní ọdún 2024: ó sọ ohun kan náà pé ogun lè dé, àmọ́ ó fi kún un iye omi tó yẹ kó wà nílé, àti ohun tí èèyàn máa ṣe bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún.

Ní Ìbàdàn tí a wà yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣí ọ̀rọ̀ kan díẹ̀. A kò tíì lo oṣù méjì lẹ́yìn òmìnira nígbà tí ilé aṣòfin wa fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdún 1960. Ó fún ọkọ̀ òfuurufú ogun wọn láyè láti gba ojú ọ̀run wa kọjá. Olóyè Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa níbí sì lọ sí Èkó lọ fẹ̀hónú hàn nílé aṣòfin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, wọ́n fagi lé e. A máa ń yin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àdéhùn ti jinná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. N kò mọ ìjókòó gbangba kankan tó ti ń tú u wò ní ẹsẹ ní ẹsẹ ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ní báyìí, ìbéèrè ti yí padà ní Swídìn. Tẹ́lẹ̀, ṣé kí a wọ NATO ni; nísinsìnyí, kí ni wíwọlé náà yóò mú wá ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé aṣòfin fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn tó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè lo ibùdó mẹ́tàdínlógún ní Swídìn, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ìwé náà kò sọ ní kedere pé ohun ìjà nuclear kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2025, ní ìlú The Hague, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NATO gbà láti máa ná ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé wọn lórí ààbò tó bá fi máa di ọdún 2035, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Swídìn sì ti fohùn ṣọ̀kan láti yá ọ̀ọ́dúnrún bílíọ̀nù owó kúrónà fún un. Ta ni yóò san gbèsè yẹn, iye ọdún wo, àti nínú owó ilé ìwé tàbí owó ilé ìwòsàn wo? Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ológun. Bí wọn ò bá fi àyè sílẹ̀ fún un ní Sälen, kí àwọn tó dìbò rárá sì rí àga jókòó sí níbẹ̀ bí àwọn tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ti di apolówó bíi ti àwọn tó kù.