Atalẹ̀ àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ inú Ẹ̀jẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ atalẹ̀ láàárín wa. A ń lò ó sí ọbẹ̀, a sì ń sè é mu nígbà òtútù. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn sè é pọ̀ mọ́ aáyù, wọ́n ní yóò fi agbára kún agbára ara. Ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà wò.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a ń pè ní neutrophil. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, òun a máa gbé e mì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa tú ohun inú ara rẹ̀ jáde bí àwọ̀n apẹja láti fi mú ọ̀tá náà.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nínú àìsàn tí ń jẹ́ lupus, tí ó ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà a máa da àwọ̀n níbi tí kò sí ọ̀tá, wọn a sì máa pa oríkèé, awọ ara àti kíndìnrín lára.

Ohun tí ń ta lẹ́nu nínú atalẹ̀ tútù ni gingerol. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi í fún àwọn eku tí ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, àwọ̀n náà sì dín kù. Ní ọdún 2023, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Colorado fi oògùn atalẹ̀ tí ó ní miligíráàmù 20 gingerol fún àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ara wọn dá, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, neutrophil wọn kò yá sí àwọ̀n dídà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe pé atalẹ̀ ń ru ẹ̀ṣọ́ sókè, ó ń pẹ̀tù sí i nínú ni. Ìwádìí náà kò sì tíì fi hàn pé ó ń wo lupus sàn, áḿbọ̀sìbọ́sí Kòrónà tàbí ibà.

Ní Ẹdẹ níhìn-ín, ní Yunifásítì Redeemer, ni ilé ìwádìí ACEGID wà, tí ó wà lára àwọn tí ó fi ìdí àrùn Ebola múlẹ̀ nígbà tí ó dé Èkó ní ọdún 2014. Àyẹ̀wò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àbá dídá. Bákan náà, bí oríkèé ọmọbìnrin yín bá ń wú, tí ojú rẹ̀ sì ń sú, ẹ má ṣe jókòó ti ìkòkò atalẹ̀ títí kíndìnrín rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó máa mu atalẹ̀ púpọ̀.

Ẹ máa jẹ atalẹ̀ yín ní àlàáfíà.