Dùùrù Ọparun ti Ìlú Las Piñas



Dùùrù tí àwa fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kò sí ní ilẹ̀ wa. Ní Las Piñas ni ó wà, lẹ́bàá Manila ní ilẹ̀ Philippines, nínú ilé ìsìn Jósẹ́fù Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà. Nígbà tí a kọ́ ọ, àwọn ará Spéìnì ni ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà. Ará Spéìnì sì ni àlùfáà tí ó kọ́ ọ, Diego Cera.

Nínú 1,031 fèrè rẹ̀, 902 jẹ́ ọparun. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wí bí dùùrù ti ń dún, nítorí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsinmi láìwo inú rẹ̀ rí. Ẹwìrì ńlá, bí èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń fẹ́ iná, ni ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí kan. Bí ìka bá ti tẹ ibi tí a ń tẹ̀, ọ̀nà a ṣí, afẹ́fẹ́ a sì gba inú fèrè kọjá. Fèrè gígùn ní ohùn ìsàlẹ̀, kúkúrú ní ohùn òkè. Ohùn kan ṣoṣo ni fèrè kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà ni wọ́n ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí kòkòrò ń fi ojú ọparun rí. Ní ọdún 1816 Cera gé ọparun tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára gbẹ́ ẹ. Ó rì í mọ́ inú yanrìn etí òkun fún nǹkan bí ọdún kan. Èyí tí ó yè ni ó mú ṣiṣẹ́. (Kọ́lékọ́lé mélòó ní ń dúró kí pákó gbẹ lóde òní?) Ní 1821 dùùrù ti ń dún, ṣùgbọ́n ó ku àwọn fèrè tí ń ké bí ìpè, ọparun kò sì lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Cera kò bá ọparun jà. Ó fi irin rọ àwọn wọ̀nyí, ó sì parí iṣẹ́ ní 1824.

Ó kú ní 1832. Lẹ́yìn rẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìjì líle ba ilé ìsìn àti dùùrù jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bí òun. Ní 1973 ni a tó tú u, a sì fi ọkọ̀ kó o lọ sí Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Klais. Kí òtútù má baà la ọparun, wọ́n ṣe yàrá kan tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ dàbí ti Philippines. Ní 1975 ó padà sílé.

Àwa yìn wọ́n. Síbẹ̀ ó dùn wá pé ohun tí a fi ọparun etílé ṣe ní láti wá oníṣègùn lọ sí òkè òkun. Ó jọ pé ó dun àwọn ará Las Piñas náà, nítorí ní 1994 ilé iṣẹ́ akọ́dùùrù kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà gan-an. Orúkọ Diego Cera ni wọ́n fi pè é.