Ẹ̀rù Ẹ̀rín Kò Gbọdọ̀ Gba Kálámù Lọ́wọ́ Wa



Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń kọ ìtàn, ṣùgbọ́n inú àpótí ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Wọn a ní ohùn Ìkálẹ̀ ń yọ nínú Yorùbá àwọn, a ó sì fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ẹni tí ó kọ̀wé ti ṣí àyà rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé.

Ẹ wo Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dójú tì wọ́n. Kò ju kálámù sílẹ̀: ìwé mìíràn jáde ní 1954, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rù kì í kọ́kọ́ tán kí á tó kọ̀wé. Kíkọ náà ni a fi ń borí rẹ̀. Àṣìṣe tí a kọ ṣeé tún ṣe. Ìtàn tí a kò kọ, ikú ni yóò gbà á. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, bí ọmọ yín bá mú ìwé wá, ẹ kà á tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.