Ìdí tí Àga fi Ń Ṣófo ní Atlanta, àti Ohun tí Ó Kàn Wá ní Òkè Ọya

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa

  

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀ka yọ owó díẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ láti fi ra aṣọ ìṣeré fún àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tiwa wà nínú wọn, ọmọ Hausa wà níbẹ̀, ọmọ Ígbò náà wà níbẹ̀. Inú àwọn àgbà kan kò dùn sí i. Wọ́n ní, "Kí ló kàn wá nínú eré ìlú onílùú? Ilé ni kí owó wa máa lọ." Alága wá ní kí n lọ ro ọ̀rọ̀ náà, kí n sì wá sọ èrò mi lónìí. N kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé mo rí ojú ara wa nínú rẹ̀ bí ẹni wo dígí.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Atlanta Hawks. Ẹyẹ àwòdì ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Iṣẹ́ òòjọ́ ni eré náà jẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, owó ńlá ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Gbọ̀ngàn wọn wà ní àárín ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó sì gba ènìyàn tó ju 16,000 lọ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wà lára àwọn tí èrò ìwòran wọn kéré jù nínú ìdíje NBA. Kí ló fà á? Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ.

Àkọ́kọ́, àtìpó ni ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1946. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kó lọ sí Moline ní Illinois. Ní 1951 wọ́n kó lọ sí Milwaukee. Ní 1955 wọ́n tún kó lọ sí St. Louis. Ní 1968 wọ́n tà á fún àwọn olówó Atlanta, wọ́n sì kó o lọ síbẹ̀. Ìlú mẹ́rin ni wọ́n ti gbé láàárín ọdún 22 kí wọ́n tó dé Atlanta! Àwọn baba wa ní àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ti àwòdì yìí kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti fẹ́ bà ni ẹ̀fúùfù òwò ń tì í lọ.

Ní 1958, nígbà tí wọ́n wà ní St. Louis, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ NBA. Boston Celtics ni wọ́n nà, ọ̀gbẹ́ni Bob Pettit nìkan sì gbá 50 wọlé ní ọjọ́ àṣekágbá. Títí di 2025, ife yẹn nìkan ni wọ́n gbà. Mo wá bi yín, ta ni ayọ̀ ọjọ́ náà wà lọ́kàn rẹ̀? Àwọn ará St. Louis ni. Baba tó wà ní Atlanta kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọjọ́ yẹn, mo wà níbẹ̀." Ọdẹ kì í fi ẹran tí ẹlòmíràn pa pìtàn fún ọmọ.

Èkejì, ìlú àtìpó ni Atlanta pẹ̀lú. Láti bí 50 ọdún sẹ́yìn ni ènìyàn ti ń ti New York, Chicago, Detroit àti ilẹ̀ òkèèrè wọ́ wá síbẹ̀ wá jẹun. Àwọn ọmọ Yorùbá náà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ bí irú tiwa yìí. Ẹni tó ti Chicago wá di Chicago Bulls mọ́ ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ti New York wá kò fi ìfẹ́ Knicks sílẹ̀ sílé. Nítorí náà, bí Bulls tàbí Knicks tàbí Lakers bá wá sí Atlanta, gbọ̀ngàn a kún. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ariwo ayọ̀ a sọ nínú ilé onílé. Bí àwọn tí kò ní olókìkí lára bá ni ó wá, àga a ṣófo.

Ẹ̀kẹta, àwọn onílẹ̀ ní ìfẹ́ àtijọ́ tiwọn. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ni eré ìbílẹ̀ ìhà ibẹ̀. Láti 1892 ni Yunifásítì Georgia, tó wà ní ìlú Athens, ti ń gbá a. Baba mú ọmọ lọ wò ó, ọmọ náà dàgbà, ó mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Braves àti ẹgbẹ́ Falcons náà ti wà ní Atlanta láti 1966, ọdún méjì kí Hawks tó dé.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nílé láàárín sáà kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó ìwòran lọ́wọ́ ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, ní Cobb àti Gwinnett. Nígbà tí ìlú fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, àwọn ará Cobb dìbò kọ̀ ọ́ ní 1965, àwọn ará Gwinnett sì kọ̀ ọ́ ní 1971. Títí di òní, ojú irin náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dúró dè é, ilé ni yóò sáré lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwà àwọn olówó tó ni wọ́n. Ní 1994, Hawks wà ní iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìhà Ìlà-Oòrùn. Dominique Wilkins ni àyànfẹ́ ìlú. Láàárín sáà ni wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Danny Manning ti Clippers. Nígbà tí sáà parí, Manning náà bá tirẹ̀ lọ. Ní 2014 ni lẹ́tà kan tí Bruce Levenson, ọ̀kan nínú àwọn olówó náà, ti kọ ní 2012 wá jáde sí gbangba. Ó kọ ọ́ pé èrò dúdú ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn, àti pé òun rò pé èyí ló ń lé àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ gbọ́ o! Àwọn tó ń wá, tó ń sanwó, tó ń pariwo, àwọn gan-an ni ó kà sí ìṣòro. Ní 2015 ni ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kí wọ́n ṣáà máa borí, èrò yóò wá." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní sáà 2014 sí 2015, wọ́n borí nígbà 60 nínú 82, gbọ̀ngàn sì kún. Ní sáà 2017 sí 2018, wọ́n borí nígbà 24 péré, èrò sì tún fọ́nká. Èrò tí ìborí bá kó wá, ìfìdírẹmi ló ń kó o lọ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni yóò jókòó tì ọ́ ní ọjọ́ òjò.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé? Àwọn ọmọ tí a bí ní Atlanta ni. Baba wọn ti Chicago wá, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ Chicago. Hawks ni àwọn bá láyé. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti ń kọ́ bí a ti ń di ará ìlú. Ní sáà 2020 sí 2021, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta MLK sí àyà aṣọ wọn kan, ní ìrántí Martin Luther King, tí a bí ní Atlanta ní 1929. Ọmọ ìlú ni wọ́n gbé sí àyà. Ní sáà yẹn kan náà ni wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, tí ariwo ìlú sì jẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Bí Shooting Stars bá ti Ìbàdàn wá pàdé Kano Pillars ní Kano, ìhà ibo ni àwa ń jókòó sí? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. N kò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí èmi náà ń jókòó síbẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọmọ wa léèrè. Ibí ni a bí wọn sí. Wọ́n ń sọ Hausa ju bí àwa ti ń sọ ọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọn yóò jọ dàgbà, àwọn ni wọn yóò jọ ṣòwò, àwọn ni yóò sì sọ pé, "Ará wa ni," bí ọjọ́ ìjà bá dé. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹlòmíràn nínú wa.

Ẹ wo Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní 1963. Houston ló ti ṣiṣẹ́, ó fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995, Houston sì gbà á bí ọmọ. Ǹjẹ́ ó sọ orúkọ baba rẹ̀ nù? Rárá o. Ọlájùwọ́n ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí owó ilé máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí a ra aṣọ fún àwọn ọmọ náà, gbogbo wọn, láìṣa ti ọmọ tiwa nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń gbá a, kí àwa baba àti ìyá wọn dìde, kí a lọ jókòó, kí àga má ṣófo. Owó kò tó ìjókòó. Ibi tí a bá bá ayé ni a ti ń jẹ ẹ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí, ìlú tí a wà yóò tòrò, ilé tí a ti wá kò ní dàrú.