Yíyan Abẹ́rẹ́ tí Yóò Wọ Ara Ènìyàn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé yín súnmọ́ tòsí, nítorí pé ọ̀rọ̀ òní ní ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀, ó sì ní ohun tí ẹ ó dán wò.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ti aránṣọ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó bá abẹ́rẹ́ tí ń wọ ara ènìyàn mu pẹ̀lú. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ara ẹnì kan, tí a sì tún fi gún ẹlòmíràn, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́ náà bí okùn, kí ó sì wọ inú ara ẹni kejì. A kò ní fi ojú rí okùn náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa bí a ti í yan abẹ́rẹ́.

Bí mo bá wí pé abẹ́rẹ́, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ní Kìṣí níbí, àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, láti Ìgbòho dé Ṣakí, títí dé Ìsẹ́yìn, ohun mímú tí ń wọ ara ènìyàn pọ̀. Abẹ wà tí olóòlà fi ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin. Abẹ fẹ́lẹ́ wà tí oníṣègùn fi ń sín gbẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wà tí a fi ń lu etí ọmọbìnrin. Àwọn Hausa onígbàjámọ̀ wà, tí wọ́n ń fi abẹ la ẹ̀yìn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì, ti oníkẹ́míìsì, àti ti àwọn tí ń gbé oògùn kiri ọjà. Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí ni okùn tí ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́? Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tí ó ní i tó mọ̀. Òmíràn ni kògbóògùn, tí wọ́n ń pè ní HIV. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú onírú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ. Nítorí náà, abẹ tí a lò ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, tí a nù, tí a sì fi sínú àpò, lè dàbí èyí tí ó mọ́ lójú, kí ikú sì wà ní ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yambuku fún yín. Abúlé ni Yambuku, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zaire nígbà náà, tí ó ń jẹ́ Congo báyìí. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí àwọn sísítà Kátólíìkì láti ilẹ̀ Belgium ń bójú tó. Aláàánú ènìyàn ni wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ 5 péré ni wọ́n ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀. Àwọn 5 yìí ni wọ́n fi ń gún gbogbo àwọn tí ó wá gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá gún ẹnì kan tán, wọn a ṣan abẹ́rẹ́ náà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọn a sì fi gún ẹni tí ó kàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, olùkọ́ ilé-ìwé kan wá síbẹ̀ pẹ̀lú ibà. Wọ́n rò pé ibà lásán ni, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ chloroquine. Kò pẹ́ tí àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ó pa àwọn aboyún, ó sì pa àwọn tí ń tọ́jú wọn. Àìsàn náà ni a mọ̀ sí Ebola lónìí. Ènìyàn 318 ni ó mú. 280 nínú wọn ni ó kú. Nínú òṣìṣẹ́ 17 tí ilé ìwòsàn náà ní, 11 ni ó kú, wọ́n sì ti ilé náà pa. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: kò sí ẹni tí ó ro ibi sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú rere kò wẹ abẹ́rẹ́ mọ́.

Bákan náà ni ọ̀ràn ilẹ̀ Íjíbítì. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sí ọdún 1980, ìjọba ibẹ̀ ń gún àwọn ará oko ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀sí ajá, àìsàn tí a ń kó nínú omi odò. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsè é dáadáa, mẹ́dọ̀wú onírú C sì gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri ilẹ̀ náà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, nígbà tí ibà Lassa wọ àwọn ilé ìwòsàn kan ní ìhà ìlà-oòrùn ní ọdún 1989, síríńjì tí aláìsàn púpọ̀ ń pín lò wà lára ohun tí ó tàn án.

Báwo, nígbà náà, ni a ó ti yan abẹ́rẹ́? Ìbéèrè mẹ́rin ni kí a máa bi ara wa.

Èkíní: Ǹjẹ́ a nílò abẹ́rẹ́ rárá? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé oògùn tí kò bá gba ẹnu abẹ́rẹ́ wọlé kò lágbára. Bí dókítà bá fún wa ní oògùn oníhóró, a ó ní kò tọ́jú wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa bí a bá gbé e mì. Abẹ́rẹ́ tí ó dára jù lọ ni èyí tí a kò gún nígbà tí kò yẹ kí a gún un. Èyí kò kan abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa o. Ìyẹn ni kí a má ṣe fi jáfara.

Èkejì: Ǹjẹ́ tuntun ni, ǹjẹ́ èmi nìkan ni ó wà fún? Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn a máa wà nínú bébà tàbí ọ̀rá tí a lẹ̀ pa. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán a máa wà lára rẹ̀. Bí bébà náà bá ti ya, tàbí tí omi ti wọ̀ ọ́, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kí a má ṣe lò ó. Kí a tú u lójú ẹni tí a fẹ́ gún.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí bí a bá fi aṣọ tí ó mọ́ nù ún, ó tó.” Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, èyí ni ohun tí ẹ ó dán wò. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni kí ẹ gé, èyí tí ó ní ihò nínú. Ẹ tì í bọ inú tàdáwà tàbí omi aró, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi àkísà nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ inú omi tí ó mọ́ nínú ife funfun, kí ẹ rọra mì í. Omi náà yóò yí àwọ̀ padà. Níbo ni àwọ̀ náà ti wá? Inú ihò ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fara pamọ́ sínú abẹ́rẹ́ àti síríńjì. Aṣọ kò dé ibẹ̀, ọtí tí a fi ń nu ara kò sì dé ibẹ̀ dáadáa.

Àwọn àgbà yóò rántí ìkòkò tí nọ́ọ̀sì fi ń se síríńjì onígò láyé àtijọ́. Òtítọ́ ni, wọ́n ń sè é. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé ń lé ṣọ̀pọ̀nná kúrò láyé, wọ́n lo abẹ́rẹ́ kékeré ẹlẹ́nu méjì tí Benjamin Rubin ará Amẹ́ríkà ṣe. Èyí tí a bá ti lò a bọ́ sínú agolo tirẹ̀, kò sì ní padà bá àwọn yòókù àfi lẹ́yìn tí a bá sè é. Ọdún 1970 ni ṣọ̀pọ̀nná dópin ní Nàìjíríà, ní 1980 ni wọ́n sì kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n síríńjì ayé òde òní, ike ni. Ike kò ṣe é sè. Ìgbà kan ṣoṣo ni a ṣe é fún. Kódà, láti ọdún 1999 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé irú síríńjì tí ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn lílò kan ni kí wọ́n máa fi gún àjẹsára.

Ẹ̀kẹta: Ǹjẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ bá ibi tí yóò wọ̀ mu? Abẹ́rẹ́ kò dọ́gba. Lára bébà rẹ̀ ẹ ó rí nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà G. Nọ́ńbà tí ó tóbi ni abẹ́rẹ́ tí ó tínrín. Ó yani lẹ́nu, àbí? Òǹkà àwọn tí ń ṣe okùn irin ni: wọ́n ń fa irin gba inú ihò léraléra, bí ìfà náà ti ń pọ̀ ni irin ń tínrín. Abẹ́rẹ́ 21G nípọn tó 0.8 mílímítà, ìdí rẹ̀ a sì ní àwọ̀ ewé. 23G jẹ́ 0.6, aláwọ̀ búlúù. 25G jẹ́ 0.5, aláwọ̀ ọsàn. Èyí tí ó bá itan ọmọ ọwọ́ mu lè má bá ìdí àgbàlagbà mu. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni láti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ti ẹni tí ń gbé oògùn kiri ọjà.

Àwọn ará Ṣáínà mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí dunjú. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wo àìsàn, láìfi oògùn kankan sínú rẹ̀. Akupọ́ńṣọ̀ ni ayé ń pè é. Ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́ ka irú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án. Ní ọdún 1971, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, James Reston, ṣe iṣẹ́ abẹ ní Beijing. Lẹ́yìn rẹ̀ inú ń dùn ún, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ wọ̀nyí tọ́jú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, okìkí ìwòsàn náà sì kàn ní ìlú wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye àìsàn tí ó lè wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ti ń yan abẹ́rẹ́. Kò ní ihò nínú. Irin tí kì í dógùn-ún ni. A máa tínrín tó 0.25 mílímítà. Ti ojú a máa kúrú, ti ìdí a máa gùn. Ní àyà, kò jẹ́ tì í wọlé jìn, kí ó má baà lu ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà kò sì jẹ́ lo èyí tí ó ti wọ ara ẹlòmíràn. Bí ọmọ wa kan bá pàdé irú ìwòsàn yìí ní Èkó tàbí ní òkè òkun, kí ó bèèrè ohun kan náà: ṣé tuntun ni?

Ẹ̀kẹrin: Níbo ni abẹ́rẹ́ ń lọ lẹ́yìn lílò? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kì í sì í ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ. Ààtàn kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀. Kí a jù ú sínú agolo tàbí ike líle tí ó ní ìdérí, láìdá ìbòrí rẹ̀ padà sí i lórí, kí a sì kó o fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí i nílẹ̀, ẹ má ṣe mú un. Ẹ pe àgbà.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì ṣòro jù: bí a ó ti wí i. Ìtìjú ń pa ọ̀pọ̀ wa. Olóòlà tí ó dá abẹ́ fún bàbá ọmọ ni ó dé yìí. Ta ni yóò bi í léèrè? Kò gba ìjà rárá. Kí ìyá ọmọ ra abẹ tuntun sílẹ̀, kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ tí a rà fún ọmọ yín nìyí. Inú bébà rẹ̀ ni ó ṣì wà.” Bí bàbá bá ní, “Láti ayé bàbá mi ni ọwọ́ mi ti ń ṣe é, kò sì bàjẹ́ rí,” kí ó dáhùn pé, “Ọwọ́ yín dára, bàbá. Abẹ ni a kò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀.” Àgbà kò ní bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ń sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ará ilé, kí iye abẹ tó iye orí. Owó abẹ fẹ́lẹ́ kan kò tó owó oògùn ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò bi yín. Ẹ fi í hàn wọ́n kí wọ́n tó bèèrè. Iyì iṣẹ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún un kà: ṣé a nílò rẹ̀, ṣé tuntun ni, ṣé ó bá ara mu, níbo ni yóò lọ? Ẹni tí ó bá bèèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti já okùn náà kúrò nídìí abẹ́rẹ́.